Bí Kánò Ṣe Ń Wá Ẹlẹ́rù

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánò, tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láàárọ̀, yóò rò pé ìròyìn ni awakọ̀ ń gbọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á máa sọ̀rọ̀ lédè Háúsá, awakọ̀ á dákẹ́, àwọn èrò ẹ̀yìn náà á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn kọ́. Ewúrẹ́ dúdú kan ló já okùn, wọ́n ń wá ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn ewúrẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin kan ni, tó mọ orúkọ ìyá rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ orúkọ àdúgbò wọn. Lẹ́yìn ọmọ, àpò obìnrin tó bọ́ sílẹ̀ lọ́jà. Cigiya ni wọ́n ń pe irú ìkéde báyìí. Ẹ pè é ní "tṣigíyà", ẹ ti pè é dáadáa nìyẹn.

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kejì, tsintuwa, ìyẹn ohun téèyàn rí he. Ó wù wá pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tsintuwa ni ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó rí i. Cigiya ni ariwo tí wọ́n ń pa kí ohun tó sọ nù àti ẹni tó ni ín lè padà pàdé.

Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ló gbé àwa tọkọtaya dé Kánò, ní Sabon Gari, àdúgbò tí àwọn Òyìnbó amúnisìn dá sílẹ̀ fún àwọn àlejò tó wá láti Gúúsù. Títí dòní, tí ẹ bá rìn níbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó gbọ́ Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́, ti Ọ̀fà àti ti Ìlọrin lójú títì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti wà ní Kánò ṣáájú Sabon Gari. Nínú ìlú àtijọ́, lẹ́yìn odi, agboolé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ayagi, tí àwọn baba ńlá wọn jẹ́ oníṣòwò láti ilẹ̀ wa. Háúsá ni wọ́n ń sọ nísinsìnyí, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti wá.

Ọjà ló kó gbogbo ayé jọ síbẹ̀. Kurmi wà, Kantin Kwari ti aláṣọ wà, Dawanau ti oníhóró wà ní ìta ìlú. Àwọn olùrajà ń wá láti Niger, láti Chad, láti Kamẹrúùnù. Nítorí náà, ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ ní Kánò láàárọ̀ lè sùn ní Maradi lálẹ́. Bí cigiya kò bá tètè jáde, ó lè má bá a mọ́.

Kẹ̀kẹ́ sì ni ohun púpọ̀ ti ń sọ nù jù. Láti ọdún 2013 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà akérò nínú ìlú, ìyẹn achaba, kẹ̀kẹ́ ló gba ìgboro. A Daidaita Sahu ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tí ìmáàmù máa ń sọ kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀, pé kí àwọn èèyàn to ẹsẹ̀ wọn kó gún. Orúkọ ètò àtúnṣe ìwà tí ìjọba Shekarau dá sílẹ̀ ni, ó sì lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ títí dòní. Èèyàn mẹ́ta ń jókòó sẹ́yìn, ẹrù wà lẹ́sẹ̀, ẹrù wà lẹ́yìn àga. Ọ̀kan á sọ̀ kalẹ̀, òmíràn á gorí. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹnì kejì.

Ní ọdún 2023, gbogbo Nàìjíríà gbọ́ nípa Auwalu Salisu, ọmọ ọdún 22 tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Kánò. Owó tó tó mílíọ̀nù 15 náírà ló rí nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, náírà àti owó séfà pọ̀. Oníṣòwò ará Chad kan ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọkùnrin náà kò mọ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ tó wọ̀, Auwalu kò sì mọ ilé tí ọkùnrin náà wọ̀ sí. Wọ́n kéde owó náà lórí rédíò, Auwalu gbọ́, ó sì gbé e padà fún un lódidi. Ẹni tó ni owó fún un ní 400,000 náírà. Àwọn kan bínú pé ó kéré. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, nítorí ìṣirò owó ẹlòmíràn dùn ún ṣe. Ohun tí àwa rò nípa rẹ̀ ni pé, ká ní ará Chad yẹn jókòó sí ilé onílé tó ń sunkún, tó ní "ta ni yóò rí irú owó yìí tí yóò dá a padà?", Auwalu ì bá ti wá a tì.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú tiwa kò ní mílíọ̀nù kankan nínú. Ní ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, a wọ kẹ̀kẹ́ láti Sabon Gari, a ń lọ ra aṣọ ní Kantin Kwari. Ìyá kan tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń mú wa lọ; ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ta ọjà ní Kánò, gbogbo àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò yẹn ló ń pè é ní Ìyá. Bí a ṣe ń gbé àpò wa sẹ́yìn àga, ọwọ́ kan nǹkan: àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀, tó nípọn, tí wọ́n fi rọ́bà dè. Lókè rẹ̀, wọ́n fi bírò kọ orúkọ ọmọbìnrin kan àti NYSC.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ rí, ẹ mọ ohun tó wà nínú irú àpòòwé bẹ́ẹ̀. Ìwé ìpè, ìwé èsì yunifásítì, ìwé ìlera, káàdì ìdánimọ̀ iléèwé. Láìsí wọn, ọmọ kò lè forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kò sì pọ̀. Àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ Kánò wà ní Karaye, ó ju wákàtí kan lọ sí ìgboro.

Awakọ̀ dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó ní òun gbé ọmọbìnrin kan tó ní báàgì ńlá láti ibi tí bọ́ọ̀sì Ìbàdàn ti já èrò, òun já a síbi ọkọ̀ Karaye, ó ti tó wákàtí méjì. Ọ̀kan nínú wa ti fẹ́ tú àpòòwé náà wò, bóyá nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀. Ìyá gbá a lọ́wọ́.

"Ẹ má tú u lójú títì o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀kan á fò lọ, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ mú un. Ẹ jẹ́ ká dé iwájú ọlọ́pàá."

Ni ojú awakọ̀ bá yí padà. Ó ní kí a sọ òun sílẹ̀, kí àwa máa gbé e lọ. Ìyá túmọ̀ rẹ̀ fún wa: ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á ní òun jí i, wọ́n á ti kẹ̀kẹ́ mọ́ àgọ́, ọjọ́ á sì lọ. A kò lè sọ pé ìbẹ̀rù rẹ̀ kò nídìí. Èèyàn mélòó nínú wa ló ti rí pọ́ọ̀sì nílẹ̀ tó kàn fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé a kò fẹ́ wàhálà? Ìyá bá a sọ̀rọ̀ títí. Níkẹyìn ó ní òun á bá wa lọ, ṣùgbọ́n kí àwa kọ́kọ́ wọlé.

Ọlọ́pàá obìnrin kan ló wà ní káńtà. Ó gbọ́ ẹnu wa, ó fa ìwé àkọsílẹ̀ ńlá jáde, ó kọ déètì àti àkókò, ó wá kọ ọ́ pé "àpòòwé kan". Ìyá ní kó jọ̀ọ́, kó dúró díẹ̀. Àpòòwé kọ́ ló sọ nù, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Obìnrin yẹn wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Wọ́n tú u lójú gbogbo wa, wọ́n ń kà á, ọlọ́pàá ń kọ ọ́: ìwé ìpè kan, ìwé èsì yunifásítì kan, ìwé WAEC kan, ìwé ọjọ́ ìbí kan, ìwé ìlera kan, káàdì iléèwé kan, fọ́tò pàsípọ́ọ̀tù méje nínú ọ̀rá. Nígbà tó parí, ó kọ orúkọ wa àti ti awakọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó gbé e wá, ó kọ nọ́ńbà kẹ̀kẹ́, a fọwọ́ sí i, ó sì fún wa ní nọ́ńbà àkọsílẹ̀ náà lórí bébà. Ó sọ fún awakọ̀ lédè Háúsá pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀. Ara ọkùnrin náà wá balẹ̀ débi pé òun ló ní ká gba ilé rédíò lọ. A kò san kọ́bọ̀ ní àgọ́ yẹn.

Ní ilé rédíò, wọ́n kọ́kọ́ bi wá bóyá ọlọ́pàá ti mọ̀ sí i. A fi nọ́ńbà àkọsílẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n kọ ìkéde náà ní gbólóhùn mẹ́ta: orúkọ àkọ́kọ́ ọmọ náà, pé ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, àti orúkọ àgọ́ tí yóò ti gbà á. Wọn kò sọ yunifásítì, wọn kò sọ iye ìwé, wọn kò sọ àwọ̀ àpòòwé. A béèrè ìdí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ní tí òun bá sọ gbogbo rẹ̀ tán, kí ni ẹlẹ́rù yóò wá sọ tí wọ́n á fi mọ̀ pé òun ni? Ó tún ku ọ̀kan. Ìyá ní ọmọ Gúúsù lọmọ yìí, Háúsá kò lè yé e, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ ọ́ ní Pijin pẹ̀lú. Wọ́n sọ ọ́ ní méjèèjì kí ìròyìn aago méjì tó bẹ̀rẹ̀.

Ti Háúsá ló wá ṣiṣẹ́. Ọmọ náà kò gbọ́ rédíò kankan. Awakọ̀ tó gbé e lọ sí Karaye ló gbọ́ ọ bó ṣe ń padà bọ̀. Ó ti rí i lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ tó tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pátápátá tó ń ké. Ó yí ọkọ̀ padà. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, awakọ̀ ọkọ̀ Karaye ló wá a.

Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù nígbà tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Wọ́n ti pè wá, a sì ti padà wá. Ọlọ́pàá obìnrin yẹn kò gbé àpòòwé jáde o. Ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó ń bi í léèrè.

"Kí ni wọ́n fi dè é?"

"Rọ́bà pupa méjì, mà. Ọ̀kan ti fẹ́ẹ́ já."

"Fọ́tò mélòó ló wà nínú rẹ̀?"

"Mẹ́jọ. Rárá, méje, mà. Mo ti lẹ ọ̀kan mọ́ ìwé ìlera."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ó fọwọ́ síwèé, ó gba ẹrù rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti rí i." Ìyá tòun ní ìhà kejì ń pariwo pé àwọn wo ni wọ́n. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀: "Èmi ìyá rẹ̀ ní Kánò ni." Ọmọ náà fún awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ní 2,000 náírà. Ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní epo nìyẹn.

Bàbá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ǹṣì, tó wá fi ẹjọ́ àgùntàn rẹ̀ tó sọ nù sùn. Nígbà tó gbọ́ ìbéèrè nípa rọ́bà, ó mi orí. Ó ní ohun tí àwọn kọ́ nílé kéú nìyẹn. Òótọ́ ni: nínú ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù lórí ohun tí a rí he, Ànábì ní kí ẹni tó rí i mọ ohun tí wọ́n fi dì í àti okùn tí wọ́n fi so ó, kó wá máa kéde rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ẹni tó bá sọ àpò àti okùn bó ṣe rí ló ni ín. Ẹ̀kọ́ náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ohun kan náà sì ni obìnrin tó wà ní káńtà ń ṣe.

Òfin ìjọba kò jìnnà sí i. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Criminal Code, tó ti pẹ́ ní Gúúsù, abala 383 ní ẹni tó rí ohun tó sọ nù, tó sọ ọ́ di tirẹ̀, bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè tó bá jẹ́ pé nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀, kò mọ ẹni tó ni ín, tó sì ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé wọn kò lè rí onítọ̀hún. Ẹ fọkàn sí ìyẹn. Àpòòwé tí wọ́n kọ orúkọ sí lára, fóònù tí "Mọ́mì" ń pè lórí rẹ̀, pọ́ọ̀sì tó ní káàdì ìdìbò nínú, kò sí èyí téèyàn lè sọ pé òun kò lè rí ẹni tó ni ín. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ẹni tó rí nǹkan he tó fẹ́ kú nítorí rẹ̀, kí ni kí ẹni tó sọ ọ́ nù ṣe?

Ẹ̀yin tí ọmọ yín tàbí àbúrò yín fẹ́ gba ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nínú ohun tí a rí kọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù méjì sínú àpòòwé, kí ọ̀kan jẹ́ ti ilé, nítorí àpò àti fóònù lè jọ sọ nù. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìwé sórí fóònù ẹlòmíràn. Kẹ̀kẹ́ púpọ̀ ní Kánò ní nọ́ńbà tí wọ́n kùn sára. Ẹ ní kí ọmọ wò ó kó tó wọlé, kó sì sọ ọ́ jáde létí ara rẹ̀. Ẹ tẹ *#06# lórí fóònù yín lónìí, nọ́ńbà tó bá jáde ni kí ẹ kọ sílé, nítorí òun ni ọlọ́pàá yóò béèrè. Tí ẹ bá rí fóònù he, ẹ má pa á, ẹ má yọ síìmù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn, ẹ fi iná sí i lára, ẹlẹ́rù yóò pe.

Tí nǹkan bá sì sọ nù, àwọn èèyàn máa ń sáré lọ búra ní kóòtù, wọ́n á gba ìwé ọlọ́pàá, wọ́n á fi ṣe òmíràn. Ó dára, báńkì àti iléeṣẹ́ pásípọ́ọ̀tù á béèrè rẹ̀. Káàdì ATM, ẹ ní kí báńkì tì í lójú ẹsẹ̀. Síìmù, nọ́ńbà NIN yín ni ẹ ó fi gba òmíràn. Ṣùgbọ́n ìwé ìbúra kì í wá nǹkan kiri. Ó kàn ń sọ pé ó ti lọ ni.

A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọlọ́pàá obìnrin yẹn ṣí hàn wá kí a tó máa lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, ọ̀kan ní agogo kékeré lára. Káàdì báńkì wà, káàdì ìdìbò wà, bébà NIN wà, fóònù tó ti kú wà, àti bàtà ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Fáìlì mẹ́rin wà tó jẹ́ ìwé iléèwé, méjì nínú wọn ní orúkọ Yorùbá. Ó ní òun ti pe nọ́ńbà tó wà lára ọ̀kan, kò lọ. Àwọn awakọ̀ ló kó púpọ̀ nínú wọn wá. Àwọn tó ni wọ́n kì í wá, torí wọn kì í ronú pé àgọ́ ọlọ́pàá ló yẹ kí àwọn ti béèrè.

Nítorí náà, tí ẹ bá ní ẹnikẹ́ni nílé tó gba Kánò kọjá, ìbáà jẹ́ agùnbánirọ̀, ìbáà jẹ́ oníṣòwò, tó já sí Sabon Gari tí fáìlì rẹ̀ kò bá a délé, ẹ ní kó wá ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ kó lọ béèrè ní àwọn àgọ́ ọlọ́pàá tó yí ibẹ̀ ká. Kó rántí àwọ̀ fáìlì náà, àti ohun tó fi dè é.